Sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun: Ṣé òdodo ni wọ́n fi ń yẹ ẹjọ́ rẹ̀ wò?



Bí ọmọ ogun bá pàdánù ẹsẹ̀ kan lójú ogun, gbogbo ayé ló máa rí i. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí etí rẹ̀ ń hó láti ọjọ́ tí bọ́ǹbù ti bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ti ẹni tí kì í lè sùn lóru, tó jẹ́ pé bí ọmọ rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, ó ti fò dìde nìyẹn? Yorùbá ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tó máa sọ bóyá bàtà náà ń ta wọ́n ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó jókòó sínú ọ́fíìsì, tí kò fojú rí wọn rí.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lónìí nìyí: ṣé òdodo ni àwọn tó ń yẹ fáìlì wọ̀nyí wò fi ń dájọ́?

Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tó pọ̀ jù lọ wà, nítorí níbẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ọmọ ogun fẹ̀yìntì tó ń gba irú owó yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sílé. Láàárín ọdún 2009 sí 2016, Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, èyí tó gba àwọn àjèjì tó gbọ́ àwọn èdè kan wọ iṣẹ́ ológun. Yorùbá, Hausa àti Igbo wà lára àwọn èdè náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó wọlé nígbà náà ti ń fẹ̀yìntì báyìí, ọ̀rọ̀ fáìlì sì ti di ọ̀rọ̀ tiwọn.

Ohun mẹ́ta tí wọ́n ń bèèrè

Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ọmọ ogun fẹ̀yìntì, tí wọ́n ń pè ní VA, máa ń wá ohun mẹ́ta nínú ìwé ẹni tó ń bèèrè owó. Àkọ́kọ́, ṣé àìsàn tàbí ìpalára wà lára rẹ̀ lónìí? Ìkejì, ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun? Ìkẹta, ṣé nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yẹn ló fa àìsàn ti òní? Ìkẹta yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró.

VA á rán ẹni náà lọ sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ lára àwọn dókítà náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, iléeṣẹ́ aládàáni tó gba kọ́ńtíráàtì ló ń san owó wọn. Dókítà á kọ èsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dájọ́. Òṣìṣẹ́ mìíràn ni yóò ka èsì náà pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kù, tí yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí nìyẹn tí sójà fi lè kúrò níwájú dókítà pẹ̀lú ẹ̀rín, kí lẹ́tà ìjákulẹ̀ sì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Tí wọ́n bá gbà pé ó tọ́ sí i, wọ́n á fún un ní ìwọ̀n láti 0 dé 100, ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìwọ̀n yìí ló ń sọ iye owó. Lọ́dún 2024, ẹni tó wà ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ń gba nǹkan bí dọ́là 171 lóṣù. Ẹni tó wà ní ìdá 100, tí kò ní ìyàwó tàbí ọmọ, ń gba ju dọ́là 3,700 lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì tó owó ilé, ó tó owó oúnjẹ.

Ìṣirò rẹ̀ náà ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Tí wọ́n bá fún sójà ní ìdá 50 nítorí ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n tún fún un ní 30 nítorí orúnkún, kò ní di 80. Wọ́n á ní ẹ̀yìn ti mú ìdajì ara rẹ̀ lọ, ó ku 50. Ìdá 30 nínú 50 tó kù jẹ́ 15. Àpapọ̀ rẹ̀ di 65, wọ́n á sì sún un sí 70. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni bí òfin ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí òṣùwọ̀n ti ń tẹ̀

Lórí ìwé, òfin Amẹ́ríkà fẹ́ràn sójà. Ó sọ pé tí ẹ̀rí tó gbè é àti ẹ̀rí tó tako ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí wọ́n dá a láre. Ibi tí wàhálà wà ni pé kí ẹ̀rí tó dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà.

Ní oṣù Keje ọdún 1973, iná jó ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé àwọn ọmọ ogun sí nítòsí ìlú St. Louis. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 fáìlì ló ṣòfò. Àwọn tó jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì àti ogun Kòríà wà lára àwọn tí ìwé wọn jóná. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ti ní láti wá ẹlẹ́rìí, lẹ́tà àtijọ́ àti fọ́tò láti fi hàn pé ohun tó ṣe wọ́n ṣe wọ́n lóòótọ́.

Àwọn ohun mìíràn wà tí kì í wọ inú ìwé rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nínú bárékè kò fi ẹjọ́ sùn nígbà náà, nítorí ìtìjú tàbí nítorí pé ọ̀gá wọn ló ṣe é. Lọ́dún 2018, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ iṣẹ́ VA fúnra rẹ̀ yẹ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wò. Ó rí i pé nǹkan bí ìdajì nínú àwọn tí wọ́n kọ̀ fún ni wọn kò tẹ̀lé ìlànà lórí rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn ò rán lọ fún àyẹ̀wò tó tọ́ sí wọn. Àwọn kan wà tí wọn ò bá wá ẹ̀rí tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà tún wà níbẹ̀. Conley Monk jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó bá Amẹ́ríkà jagun ní Vietnam. Léraléra ni VA kọ̀ láti fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó gbé ìjọba Amẹ́ríkà lọ sílé ẹjọ́. Àkọsílẹ̀ VA fúnra rẹ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò gbà jáde fi hàn pé láàárín ọdún 2001 sí 2020, ìdá 29.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ̀, nígbà tó jẹ́ 24.2 fún àwọn aláwọ̀ funfun. Lọ́dún 2023, GAO, iléeṣẹ́ tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ ìwé ìjọba wò, náà sọ pé ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀yà kan sí ìkejì.

Ìyàtọ̀ yìí nìkan kò fi hàn pé ẹnìkan jókòó tó ń ka àwọ̀ ara kó tó fọwọ́ sí ìwé. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, tàbí bí dókítà ṣe kọ èsì rẹ̀, tàbí ẹni tó rí olùrànlọ́wọ́ àti ẹni tí kò rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ̀ fún kò ní mọ èwo ló ṣe òun. Owó kò dé, ohun tó mọ̀ nìyẹn.

Kí àwọn tó ń yẹ fáìlì wò náà ń sọ?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lú.

Iye fáìlì tí wọ́n parí wà lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Fáìlì kan lè nípọn ju ìwé mímọ́ lọ, kó sì jẹ́ pé ojú ewé kan ṣoṣo ni ẹ̀rí wà. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì, nítorí owó ará ìlú ni wọ́n ń pín. Òfin sì máa ń yí padà. Títí di ọdún 2022, ẹni tó fa èéfín ìdọ̀tí tí àwọn ológun ń sun ní Iraq àti Afghanistan ní láti fi ẹ̀rí hàn pé èéfín náà ló fa jẹjẹrẹ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì kọ̀ fún. Nígbà tí òfin PACT jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, òfin fúnra rẹ̀ gbà pé èéfín náà ló fa ọ̀pọ̀ àìsàn bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan náà tó kọ̀ lánàá wá ń fọwọ́ sí i lónìí.

Nígbà tí òfin fúnra rẹ̀ bá wọ́

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ èyí dáadáa. Láti ọdún 1857 ni Faransé ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Tirailleurs Sénégalais sílẹ̀. Orúkọ Senegal ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Mali, Guinea, Burkina Faso àti Dahomey, tó di Benin lónìí, wà nínú wọn. Wọ́n jà fún Faransé nínú ogun àgbáyé méjèèjì.

Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, Faransé ṣe òfin kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1959 tó so owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìpalára àwọn ọmọ ilẹ̀ tó bá gba òmìnira mọ́ ojú kan. Owó ọmọ Faransé ń gòkè bí ọjà ṣe ń gòkè, tiwọn dúró. Ọgbẹ́ kan náà, ogun kan náà, owó ọ̀tọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ fáìlì wò ní Dakar tàbí Paris lè jẹ́ olóòótọ́ pọ́ńbélé, ìrẹ́jẹ ni yóò ṣì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Àwọn ọmọ ogun fẹ̀yìntì 743 láti Senegal gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìgbìmọ̀ náà sì dá wọn láre lọ́dún 1989. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba Faransé tún sọ ọ́ lọ́dún 2001. Ó di ọdún 2007 kí owó ìpalára tó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba. Títí di ọdún 2023, àwọn arúgbó kan ṣì ní láti máa gbé ní Faransé fún oṣù mẹ́fà lọ́dún kí owó ìrànwọ́ wọn má baà dúró. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni mẹ́sàn-án nínú wọn padà sílé sí Senegal láìpàdánù owó wọn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn ti kú kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ṣùgbọ́n lọ́dún 2000 ni Ààrẹ Olusegun Obasanjo tó sọ ìlékúrò àwọn ológun tó lọ jà fún Biafra di ìfẹ̀yìntì. Láàárín ọgbọ̀n ọdún yẹn, àwọn akàndá ẹ̀dá tí ogun sọ di bẹ́ẹ̀ ń tọrọ owó lẹ́bàá ọ̀nà ní Oji River. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí pẹ̀lú, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn sójà fẹ̀yìntì ti dí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ètò ìnáwó nílùú Abuja nítorí owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ wọ́n.

Kí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè ṣe?

Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ní orílẹ̀-èdè yòówù, kó máa gba ẹ̀dà gbogbo ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀. Kó má fi ìgboyà bo ìrora mọ́lẹ̀. Sójà tó sọ fún dókítà pé "kò burú" ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí tí wọ́n máa fi dá a lẹ́bi.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n kọ̀ fún ní ọdún kan láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọ̀nà mẹ́ta ló sì wà. Ó lè mú ẹ̀rí tuntun wá. Ó lè ní kí ọ̀gá tún fáìlì náà yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kò sí àyè ẹ̀rí tuntun níbẹ̀. Ó sì lè lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ VA. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 fún irú ẹjọ́ yìí ṣì wà. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun fẹ̀yìntì ń ṣe ìrànwọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, kò sídìí láti tètè sáré fún ẹni tó ń bèèrè owó ńlá.

Ní ti ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe òdodo, ṣùgbọ́n òdodo wọn kò lè ju òfin àti ìwé tó wà níwájú wọn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo ìjọba kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sínú lẹ́tà lédè tó yé ènìyàn, kí wọ́n fún ẹni náà láyè láti pe ẹjọ́, kí wọ́n sì máa gbé iye àwọn tí wọ́n kọ̀ fún jáde fáráyé rí. Àwọn tó ń dúró de owó yìí ń dàgbà lójoojúmọ́.