ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ LA FI Ń SỌ̀YÀ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Hayin Dogo, Zaria

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdí tó fi yẹ kí ènìyàn wà nínú ẹgbẹ́. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, bàtà òkìrìkà ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ àdúgbò yìí ti ń ra bàtà bọ́ọ̀lù, nítorí náà ọ̀nà bọ́ọ̀lù ni n ó gbà sọ tèmi. Ẹni tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Tijani Babangida ni, ọmọ Kaduna.

Ọdún 1973 ni wọ́n bí i. Niger Tornadoes ti Minna ló ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó rékọjá sí ilẹ̀ Holland ní 1991. Ó gbá fún VVV ní Venlo, ó gbá fún Roda ní Kerkrade, nígbà tó sì di 1996, Ajax ti Amsterdam rà á. Ọdún yẹn kan náà ló wà lára àwọn ọmọ wa tó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Olympics Atlanta, nígbà tí a na Brazil 4 sí 3, tí a sì na Argentina 3 sí 2. Ní 1998, nígbà tí Denmark na wa 4 sí 1 ní ilẹ̀ Faransé, òun ló gbá ẹyọ kan tiwa wọlé. Ní February 2000, ní pápá Surulere, òun nìkan ló gbá góòlù méjèèjì tí a fi na South Africa wọlé.

Ẹni tó ti rí gbogbo èyí lè jókòó sílé kó máa jẹun. Ṣùgbọ́n Tijani gbà láti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní APFON. Emmanuel Babayaro, tí wọ́n jọ lọ sí Atlanta, ló ṣe akọ̀wé àgbà rẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní ilẹ̀ Holland, kí agbábọ́ọ̀lù tó wọ pápá, ó ti fọwọ́ sí ìwé. Owó rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń san án. Nílé níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bí ìjọba kò bá mú owó jáde, ọmọ ọlọ́mọ yóò máa sáré lórí pápá pẹ̀lú ebi. Kì í sì í ṣe ilé wa nìkan. Ní 2016, FIFPRO, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé, bi nǹkan bí 14,000 agbábọ́ọ̀lù léèrè ní orílẹ̀-èdè 54. Nínú ọgọ́rùn-ún, 41 ló ní owó òun ti pẹ́ kí ó tó dé.

Ọmọ kan ní àdúgbò yìí ra bàtà lọ́wọ́ mi, ó sì lọ bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí n kò ní dárúkọ. Oṣù méje ló fi gbá bọ́ọ̀lù, owó oṣù méjì ló rí gbà. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ béèrè, wọ́n ní kó mú ìwé tí wọ́n jọ ṣe wá. Ìwé kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin wà! Láti 2018, FIFA ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé fún wọn ní ọjọ́ 15, bí wọn kò bá san án, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ òfin náà fún ọmọ tí kò ní ẹgbẹ́?

Àwọn òyìnbó pàápàá kò rí i he. Ní 1898, ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ Jack Bell, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Everton, ṣe alága ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi tú ká. Wọ́n tún òmíràn dá ní Manchester ní 1907. Ó di 1961 kí wọ́n tó pa òfin rẹ́ tó ní agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gbà ju pọ́n-ún 20 lọ lọ́sẹ̀. Jimmy Hill ló ṣáájú wọn nígbà náà, gbogbo wọn ló sì ṣetán láti má wọ pápá. Bí ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀, ẹlòmíràn ni wọn ì bá fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin wa náà fi èyí hàn. Ní 2016, àwọn Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Cameroon, wọn kò sì rí owó wọn. Wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Abuja, wọn kò fi ife sílẹ̀, wọ́n sì wọ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Gbogbo wọn ló lọ. Lẹ́yìn èyí ni owó tó jáde.

Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ń sọ pé àlejò ni wá níbí, kí a má dá ẹgbẹ́ tí yóò fa ìjà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ṣe ìjà. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ ni kì í rí ẹni bá a bẹ̀bẹ̀, ìyẹn náà ló sì ń ti ìbínú jà. Ìjà tó yẹ kí a bẹ̀rù ni ti abẹ́lé. Ọdún púpọ̀ ni àríyànjiyàn lórí ta ni olórí fi da ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa rú, tó fi dé kọ́ọ̀tù. Nígbà tí àwọn àgbà ń fa àga, ọmọ tí wọn kò sanwó fún ń wò wọ́n lójú.

Ẹ rántí May 2024. Ojú ọ̀nà Kaduna sí Zaria yìí, tí gbogbo wa ń gbà lọ ra ọjà, ni jàm̀bá ọkọ̀ ti ṣe Tijani Babangida. Ibrahim àbúrò rẹ̀, tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù, kú. Ọmọ rẹ̀ kékeré kú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fara pa. Ó ní orúkọ, ó ti ní owó, síbẹ̀ ọjọ́ burúkú kò bi í ní ìyẹn. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún irú rẹ̀, kí ni ti èmi tí mo ń ta bàtà?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Èkíní, kí ọmọ wa kankan má lọ gbá bọ́ọ̀lù, kó má lọ kọ́ṣẹ́, kó má gba iṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ yìí rí ìwé tó fọwọ́ sí. Èkejì, kí olówó wa má ṣe sọ pé òun kò nílò ẹgbẹ́. Ẹni tí kò nílò rẹ̀ gan-an ló yẹ kó ṣáájú, nítorí kò ní jẹ nínú owó rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí a bá dìbò tán, kí ẹni tí kò wọlé má lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí a fi owó sílẹ̀ lónìí, kí a sì fi ìfẹ́ tì í lẹ́yìn. Ọlọ́run yóò dá ẹgbẹ́ yìí sí, yóò sì mú oníkálukú wa délé láyọ̀.