Ìrìn Òwúrọ̀ àti Ìṣirò Oúnjẹ Òòjọ́



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ lónìí jẹ mọ́ ara tí olúkúlùkù wa gbé wá sí ìpàdé yìí. Ọ̀pọ̀ ni dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tí wọ́n sì ní kí ó dín sísanra kù. Àwọn mìíràn gbọ́ràn: wọ́n ń jí rìn kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì ń ṣírò oúnjẹ wọn. Síbẹ̀ oṣù mẹ́ta kọjá, òṣùwọ̀n kò sún. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ka ìrìn wọn.

Kálórì ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára tí oúnjẹ ń fún ara, àti èyí tí ara ń ná. Ara tí ó sùn pàápàá ń ná an, nítorí ọkàn kò dẹ́kun lílù. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin ẹni ọdún 45 kan, tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 170, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 90. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìṣirò tí Mifflin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1990, bí ó bá dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ kejì, ara rẹ̀ yóò ná nǹkan bí 1,740. Bí ó bá jẹ́ akọ̀wé tí ń jókòó ní ọ́fíìsì ní Àbújá, a ó fi 1.4 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì jẹ́ 2,436. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń ti ọmọlanke ní ọjà Kánò, 1.75 ni a ó lò, yóò sì jẹ́ 3,045. Ẹ kíyè sí i pé a ti ka làálàá rẹ̀ mọ́ ọn.

Níhìn-ín ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Akọ̀wé yìí bẹ̀rẹ̀ sí rìn fún wákàtí kan lójoojúmọ́, ó sì fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí ń ti ọmọlanke. Lẹ́yìn èyí, ó tún fi 315 tí fóònù rẹ̀ kà fún ìrìn náà kún un. Ó di 3,360. Ó yọ 500 kúrò kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Ó ku 2,860. Bẹ́ẹ̀ ni nínú 315 yẹn, ara rẹ̀ ìbá ná 90 bí ó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. 225 ni ìrìn náà fi kún ìnáwó ara, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2,661. Ó rò pé òun ń fi ebi pa ara òun, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ fi nǹkan bí 200 ju ohun tí ara ń ná lọ.

225 kò tó ṣíbí ńlá méjì epo pupa. Àwa òjíṣẹ́, tí a ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí káàbọ̀ ní gbogbo ilé tí a bá yà, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìgò kan lè ní 140 nínú.

Ara sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní 2009, Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà: iye agbára tí obìnrin kan ń ná kò sọ bóyá yóò sanra. Ní 2012, Herman Pontzer àti àwọn tirẹ̀ rí i pé àwọn Hadza ti Tansaníà, ọdẹ àti awagbòǹgbò tí ń rìn káàkiri igbó, kò ná ju àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ, bí a bá fi ìtóbi ara wọn wé ara. Ó dà bí ẹni pé ohun tí ara ná sórí ìrìn, ó ń dín in kù níbòmíràn. Ìrìn dára púpọ̀ fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí a lè fi ra oúnjẹ tó bí a ti fẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ń jókòó ṣiṣẹ́ kí ó lo 1.4, kí ó sì fi ìdajì ohun tí ìrìn fi kún un sí i ní ọjọ́ tí ó bá rìn nìkan. Kí ó gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí ó tó jẹun. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí kò yí padà, kí ó tún yọ 100 tàbí 200. Ẹni tí ń ti ọmọlanke kò gbọdọ̀ jẹ ìwọ̀n akọ̀wé, kí àárẹ̀ má baà mú un. Aboyún àti abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì kí ó kọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ han dókítà, nítorí abẹ́rẹ́, ìrìn gígùn àti oúnjẹ díẹ̀ lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ jù, tí òòyì yóò fi gbé e ṣubú lójú ọ̀nà.