Iṣẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ilẹ̀ Igbó

 

Inú igbó ni a ti ń já ewé. Ilẹ̀ ni ó sì ń bọ́ igbó. Àwọn onímọ̀ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ilẹ̀ igbó wò. Wọn a gbẹ́ kòtò láti wo bí ilẹ̀ ṣe tò ní ìpele-ìpele. Wọn a bu erùpẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a yan án gbẹ ní ìwọ̀n ooru 105°C, wọn a sì tún un wọ̀n, kí wọ́n lè mọ omi inú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí kàn wá. Nínú ọ̀pọ̀ igbó ilẹ̀ olóoru, òkè ilẹ̀, níbi tí ewé ti ń jẹrà, ni ọ̀rá ilẹ̀ pọ̀ sí jù. Bí a bá dáná sun ewé náà, òjò a gbá eérú rẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn bá sì ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ a dí. Omi àti afẹ́fẹ́ kò ní í dé ìdí gbòǹgbò bó ti yẹ.

Nítorí náà, bí a bá wọ igbó òrìṣà lásìkò ọdún yìí, ẹ jẹ́ kí a tọ ojú ọ̀nà tí ó ti wà, kí a má sì dáná sí ewé gbígbẹ. Ire gbogbo.