Bí Àwọn Ará Jàpáànù Ti Ṣètò Ilé-Ìwé Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ni ti ilé-ìwé àwọn ará Jàpáànù, bí a ti ń darí rẹ̀, àti ẹni tí ń san owó rẹ̀.

Ní ọdún 1872 ni ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, máa lọ sí ilé-ìwé. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n orí àwọn òbí àti ará abúlé ni a di ẹrù owó rẹ̀ lé. A gba ọmọ tí ń bá àgbẹ̀ ro oko lọ́wọ́ rẹ̀, a sì tún ní kí ó san owó. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1873 nítorí owó-orí àti iṣẹ́ ológun, wọ́n dáná sun ilé-ìwé pẹ̀lú ní àwọn ibìkan. Ní 1900 ni ìjọba mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò. Kò sì pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí kò lọ sí ilé-ìwé di ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Òfin ọdún 1947 ni ó gbé ètò tí ó wà lónìí kalẹ̀. Ọdún 6 ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 3 ni ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, ọdún 3 ni ti sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ọdún 4 sì ni ti yunifásítì. Ọdún 9 àkọ́kọ́ jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ. Ní ilé-ìwé ìjọba, wọn kì í san owó ẹ̀kọ́, ọ̀fẹ́ sì ni ìwé tí wọ́n ń kà. Oṣù Épírì ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni ń gbá yàrá ìkàwé wọn, àwọn ni ó sì ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún ara wọn.

Ní ti àkóso, ìjọba àpapọ̀ ní Tokyo ni ń sọ ohun tí a ó kọ́ ọmọ, òun ni ó sì ń yẹ ìwé wò kí a tó lò ó. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú tàbí abúlé ni ń bójú tó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ṣùgbọ́n a kò fi owó oṣù olùkọ́ sílẹ̀ fún abúlé: ìpínlẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ 47, ni ń san án, ìjọba àpapọ̀ sì ń gbé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Wọ́n a sì máa ṣí olùkọ́ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ má baà kó ara wọn jọ sí ìlú ńlá.

A kò sọ pé ètò náà kò ní àbùkù. Ìdánwò tí a fi ń wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà àti yunifásítì le púpọ̀, àwọn òbí a sì máa náwó lórí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nítorí rẹ̀. Ní ìgbèríko, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni a ti tì nítorí ọmọ kò pọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ìtàn Jàpáànù fi hàn wá pé àṣẹ nìkan kò tó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá ṣèlérí ilé-ìwé fún yín, ẹ bi í léèrè: ta ni yóò san owó olùkọ́, ǹjẹ́ olùkọ́ abúlé yóò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ìlú ńlá?