Ìjókòó fún Ẹ̀rọ Atọ́nà Nínú Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan awakọ̀, ó kan gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì kan ẹnikẹ́ni tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà.

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láyé ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ń kó iṣu, gàrí tàbí ọsàn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó kì í bọ́ sílẹ̀ béèrè ọ̀nà mọ́. Fóònù tàbí ẹ̀rọ atọ́nà tí a mọ̀ sí GPS ni wọ́n ń bi. Èyí dára. Ohun tí kò dára ni pé àwọn kan ń fi ọwọ́ kan di ẹ̀rọ náà mú, àwọn mìíràn sì ń gbé e lé itan, wọ́n a máa wò ó bí ọkọ̀ ti ń sáré.

Ẹ gbé ìṣirò yìí yẹ̀ wò. Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí awakọ̀ bá bojú wo itan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré, ọkọ̀ ti lọ tó mítà 66 láìsí ẹni tí ń wo ọ̀nà. Ọmọ iléèwé tí ń sọdá lè wà láàárín mítà 66 yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ewu ìjàmbá fún awakọ̀ tí ń lo fóònù tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tí kò lò ó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí; ojú náà ni awakọ̀ fi ń ṣọ́ orí gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń mọ ọ̀nà? Sátẹ́láìtì tí ó tó 24 ó kéré tán ni ìjọba Amẹ́ríkà fi sí òfuurufú, ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 sókè. Ọdún 1978 ni wọ́n rán èkíní lọ. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ń rán àmì àkókò wá sí ayé. Bí ẹ̀rọ bá gba àmì mẹ́rin, yóò ṣírò ibi tí ó wà. Nítorí náà, ẹ̀rọ atọ́nà ń fẹ́ rí ojú ọ̀run. Irin òrùlé ọkọ̀ a máa dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gíláàsì kì í sábà dí i. Ìdí nìyí tí ẹ̀bá gíláàsì iwájú fi dára fún un ju àpò tàbí itan lọ.

Kò di dandan kí awakọ̀ ra ìjókòó olówó gọbọi fún ẹ̀rọ rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà, aránṣọ àti fọ́kànáísà abúlé lè ṣe é báyìí:

Èkíní, kí gbẹ́nàgbẹ́nà gé pákó ìsàlẹ̀ tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, tí ó fẹ̀ ní 10. Kí ó gé pákó tínrín mìíràn tí kò fẹ̀ tó ẹ̀rọ náà, kí ó fi síkúrù méjì kàn án lé ti ìsàlẹ̀, kí ó fi ẹ̀yìn tì díẹ̀ bí àga ìgbafẹ́. Kí ó fi sáńpépà fá gbogbo etí rẹ̀ kí ó má mú.

Èkejì, kí aránṣọ fi aṣọ kakí rán àpò tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí ó fẹ̀ ní 15. Yanrìn gbígbẹ tí a ti jọ̀ ni a óò kọ́kọ́ dì sínú ọ̀rá, kí a tó fi í sínú àpò náà. Kí yanrìn má ju kìlógíráàmù kan lọ. Kí àpò má sì kún dẹ́múdẹ́mú, kí ó lè tẹ̀ mọ́ dáṣíbọọ̀dù. Kí aránṣọ rán ọ̀já sí orí àpò, èyí tí a óò fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn mọ́ pákó ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí fọ́kànáísà lẹ awẹ́ túúbù mọ́ ìdí àpò kí ó má baà yọ̀. Kí ó sì gé òrùka méjì láti ara túúbù alùpùpù, èyí tí yóò di ẹ̀rọ mọ́ pákó ẹ̀yìn lókè àti nísàlẹ̀.

Nítorí pé ohun wíwúwo lè fò bí òkò nígbà ìjàmbá, kí mẹkáníìkì fi bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yi so ìjókòó náà mọ́ bóòtù lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Kí a kọ́kọ́ fi ègé igi tí ó tóbi tó ẹ̀rọ náà dán an wò lójú ọ̀nà olókùúta. Bí igi kò bá jábọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ pẹ̀lú má jábọ́.

Ibi tí a gbé e sí ṣe pàtàkì púpọ̀. Apá ọ̀tún sítíárì, nísàlẹ̀ gíláàsì, ni ó yẹ. Kí ó má ṣe wà níbi tí àpò afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ti ń là jáde, nítorí àpò náà yóò sọ ọ́ lu ènìyàn. Kí awakọ̀ jókòó, kí ẹnì kan rìn kọjá níwájú ọkọ̀ láti ọ̀tún dé òsì. Bí apá kan ara rẹ̀ bá pa mọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin tilẹ̀ wọn àyè tí ẹ̀rọ atọ́nà lè gbà lára gíláàsì: ínṣì 5 níhà awakọ̀, ínṣì 7 níhà kejì.

Ṣùgbọ́n ìjókòó yìí kì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa tẹ fóònù. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà kọ̀ fún awakọ̀ láti lo fóònù nígbà tí ó bá ń wa ọkọ̀. Kí awakọ̀ kọ orúkọ ibi tí ó ń lọ sínú ẹ̀rọ kí ó tó gbéra, kí ó sì máa fi etí gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ọ̀nà bá yí padà, kí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá gúnlẹ̀, kí ó yọ ẹ̀rọ kúrò, nítorí oòrùn a máa ba bátìrì jẹ́, olè a sì máa wò ó.

Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ má ṣe dákẹ́ bí awakọ̀ bá gbé fóònù lé itan. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀nà.” Ẹ̀mí yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà.