Ẹ Má Yọ́ Fún Un Lóúnjẹ

Bí ẹ bá gbé èèyàn yín lọ ṣiṣẹ́ abẹ ní Sakété tàbí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ní kó má jẹun fún wákàtí 6, kì í ṣe ìkà. Lójú oorun tí wọ́n máa fi oògùn fún un, oúnjẹ lè padà sókè, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó pa á. Bó bá ti jẹ ẹ̀kọ tàbí mu àgbo, ẹ má fi pa mọ́. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá ní kó dìde, ẹ ràn án lọ́wọ́ kó rìn díẹ̀. Ẹ má fi ewé sójú ọgbẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ọgbẹ́ bá ń ṣọyún tàbí tó ń rùn, ẹ má dúró dọjọ́ ọjà: ẹ gbé e padà kíá.