Ẹ Má Já Bàálù Ìṣeré Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ

 

Bí ọmọ bá jókòó sẹ́yìn ilé, tó ń fi páálí àti igi ṣe bàálù, àwọn àgbà mìíràn a máa jágbe mọ́ ọn pé eré ti pọ̀ jù, kó lọ kàwé. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ọmọ kan tó ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1930 ni wọ́n bí Neil Armstrong nítòsí Wapakoneta, ìlú kékeré kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wọ bàálù lẹ́ẹ̀kíní. Láti ìgbà náà, igi fífúyẹ́ àti bébà ló fi ń ṣe bàálù kéékèèké. Ní abẹ́ ilé wọn, ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn lu bàálù ìṣeré, kó lè rí ohun tí atẹ́gùn ń ṣe sí apá rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù gan-an, dọ́là 9 ni ẹ̀kọ́ wákàtí kan. Ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé olóògùn, níbi tó ti ń gba sẹ́ǹtì 40 ní wákàtí. Ẹ ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ wákàtí tó lé ní 22 fún ẹ̀kọ́ wákàtí kan péré! Ní ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 16, ó gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ òfuurufú, kó tó gba ti mọ́tò.

Ní 1947, ó wọ Yunifásítì Purdue láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ló san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ogun Kòríà dá a dúró, ṣùgbọ́n ó padà, ó sì gboyè ní 1955.

Ní July 20, 1969, bí ọkọ̀ wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá, kọ̀ǹpútà ń darí wọn lọ síbi tó kún fún àpáta. Armstrong fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìdarí, ó sì wá ibi tó tẹ́jú. Ọwọ́ tó ti ń ṣe bàálù ìṣeré láti kékeré ni.

Kò sì gbàgbé àwọn aṣáájú. Ó mú ègé igi àti aṣọ lára bàálù tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright, tí àwọn náà jẹ́ ará Ohio, fò ní 1903 dání lọ sí òṣùpá.

Ẹ̀kọ́ tiwa ńkọ́? Ẹni tó ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò kọ́ ọ nínú ìwé nìkan. Ọwọ́ ló fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ìwé dára, ọwọ́ náà dára. Ẹ má fi ọ̀kan pa èkejì. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó ń ṣe kí ẹ tó gbá a dànù. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fún ilé ìwé wa ní irinṣẹ́ àti yàrá tí ọmọ ti lè fi ọwọ́ dán nǹkan wò.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí a pa irú rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àṣẹ.